TA NI Ó BÍ HÁÍDÍRÓJÌN?

Ní sáà tí ó kọjá, nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ọmọdékùnrin kan dìde ní kíláàsì, ó bi wá pé, "Tíṣà, ẹ ní bí háídírójìn bá jó, omi ni ó ń dà. Ṣé òun ni yóò mú èéfín kúrò láyé?" A dá a lóhùn kánkán pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," a sì pa ìwé dé. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn wa kò ti balẹ̀, nítorí ìdajì òtítọ́ ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa má baà ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀yin olùkọ́ wa sì tọ́ wa sọ́nà níbi tí a bá kù sí.

Háídírójìn ni afẹ́fẹ́ tí ó fúyẹ́ jù lọ. Henry Cavendish, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣàlàyé ní ọdún 1766 pé afẹ́fẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Lavoisier, ará Faransé, ni ó sì fún un ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "ohun tí ń bí omi." Bí ó bá jó, ó ń dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn, wọn a sì di omi. Kò sí kábọ́nì nínú rẹ̀. Nítorí náà kò lè tú kábọ́nì dáyọ́ksáídì jáde, èyí tí ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Títí dé ìhín, ìdáhùn wa tọ̀nà.

Ṣùgbọ́n bí háídírójìn bá ń bí omi, ta ni ó bí háídírójìn? Ṣàṣà ni ibi tí a ti ń rí i ní òun nìkan. Inú omi, inú epo, àti inú gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni ó so mọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ẹ ní láti fi agbára yọ ọ́. Ọ̀nà méjì ni a óò mẹ́nu bà.

Èkíní ni ti gáàsì. A ń da ooru omi híhó pọ̀ mọ́ gáàsì nínú ooru gbígbóná janjan, háídírójìn a sì jáde. Ṣùgbọ́n fún kílò 1 háídírójìn tí a bá rí, nǹkan bí kílò 9 sí 10 kábọ́nì dáyọ́ksáídì ni ó ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ní ọdún 2023, nǹkan bí mílíọ̀nù 97 tọ́ọ̀nù háídírójìn ni a lò ní gbogbo ayé. Láti inú gáàsì, èédú ilẹ̀ àti epo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti wá. Èyí tí a ṣe ní ọ̀nà mímọ́ kò tó 1 nínú 100. Ọwọ́ ọmọ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ baba rẹ̀ dúdú.

Èkejì ni ti omi. Ní ọdún 1800, William Nicholson àti Anthony Carlisle, ní Lọ́ńdọ̀nù, mú kí iná mànàmáná gba inú omi kọjá, omi sì pínyà. Kílò 9 omi ń fún ni ní kílò 1 háídírójìn àti kílò 8 ọ́síjìn. Bí iná náà bá ti ara oòrùn, afẹ́fẹ́ tàbí odò wá, a lè pe háídírójìn náà ní mímọ́. Síbẹ̀ ó gba owó. Nǹkan bí yúnítì 50 iná mànàmáná ni a óò ná kí a tó rí kílò 1, agbára tí a óò sì bá nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 33. Bí a bá tún sọ ọ́ padà di iná mànàmáná, nǹkan bí 17 ni yóò kù. Nítorí náà, níbi tí iná fúnra rẹ̀ bá ti lè ṣe iṣẹ́, kí a jẹ́ kí iná ṣe é.

Níbo wá ni háídírójìn ti wúlò? Ẹ jẹ́ kí a wo irin. Àwọn baba wa tí wọ́n ń yọ́ irin láti inú òkúta ń lo èédú. Kì í ṣe kí iná lè gbóná nìkan: ọ́síjìn so mọ́ irin nínú òkúta náà, kábọ́nì inú èédú ni ó sì ń gbà á kúrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìléru ńláńlá ti òde òní ń ṣe, tọ́ọ̀nù 1 irin sì ń tú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2 kábọ́nì dáyọ́ksáídì jáde. Bí a tilẹ̀ fi iná mànàmáná mú ìléru gbóná, ó ṣì ku ohun tí yóò gba ọ́síjìn lọ́wọ́ irin. Háídírójìn lè ṣe iṣẹ́ yìí, omi ni yóò sì dà.

Ní ìlú Luleå, ní ilẹ̀ Sweden, wọ́n ti dán èyí wò. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, SSAB, LKAB àti Vattenfall, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 2016, wọ́n sì pè é ní HYBRIT. Ní 2020 wọ́n ṣí ibi ìdánwò. Ní 2021 irin àkọ́kọ́ dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Volvo. Òkúta irin àti iná láti inú odò pọ̀ ní àríwá ilẹ̀ náà: ọmọ mọ́, baba náà mọ́.

Àwọn àgbà ní, "Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Bí a bá padà sí kíláàsì náà, a óò sọ fún ọmọ náà pé háídírójìn nìkan kò lè mú èéfín kúrò láyé. A óò kọ́ ọ láti bèèrè ohun méjì: Níbo ni ó ti wá? Ǹjẹ́ iná fúnra rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ náà? Ọmọ tí ó bá mọ ìbéèrè wọ̀nyí, kò sí ẹni tí yóò fi orúkọ dáradára tàn án jẹ, ìbáà ṣe olùkọ́ rẹ̀.