Lẹ́tà sí Adéwálé Lórí Tòlótòló Sísun

Ìgbòho,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Adéwálé, ọkọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ láti Houston, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣé tòlótòló tó dúdú lẹ́yìn, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní itan, lo gbé síwájú àwọn àna rẹ lésìí? O wá ra gíríìlì oní-gáàsì tí ọ̀pá rẹ̀ ń dá yí ẹran, o rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí o.

Ẹni tó sun ún jóná rí ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mo fi iná gáàsì sun tòlótòló bí mo ṣe ń sun awó. Awó kéré, ooru tètè ń dé egungun rẹ̀. Àyà tòlótòló nípọn. Ọ̀rá ń kán sínú iná, iná ń sọ lálá, kí n tó mọ̀, awọ ti di èédú. Àwa tí a ń ta èédú fún ará Ìbàdàn!

Nínú fọ́tò gíríìlì tí o fi ránṣẹ́, mo ka ojú iná mẹ́ta. Tan ti ọ̀tún àti ti òsì, pa ti àárín, kí o gbé páànù síbẹ̀ kó máa gba ọ̀rá. Dé gíríìlì náà. Ooru ni kó sun ún, kì í ṣe ọwọ́ iná.

Ọ̀pá yẹn ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí. So apá tòlótòló náà mọ́ ara rẹ̀, di ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú òwú. Má lo okùn ọ̀rá. Bí o bá ti fi ọ̀pá gún un tán, gbé ọ̀pá náà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ méjèèjì, kí o yí i díẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń já wálẹ̀ gbì, kò dọ́gba nìyẹn. Yọ ọ́, kí o tún un gún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa sáré níbì kan, á máa lọ́ra níbòmíràn, mọ́tò tó ń yí i á sì bàjẹ́. Má ki búrẹ́dì sí i níkùn bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe. Kì í jẹ́ kí inú tètè jinná.

Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù Kọkànlá ni ọdún Ìdúpẹ́ àwọn ará ibẹ̀. Ẹran dídì tó tó pọ́n-ùn 12 ń lo bí ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì kó tó yọ́, nítorí náà, yọ ọ́ nínú fírísà lọ́jọ́ Àìkú. Má gbé e sórí tábìlì mọ́jú bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe (má sọ fún un pé mo wí).

Ṣí ìdérí gíríìlì sílẹ̀ kí o tó ṣáná sí i. Fi omi ọṣẹ pa ibi tí rọ́bà ti so mọ́ sílíńdà. Bó bá ń hó, gáàsì ń jò.

Má fi aago mọ̀ pé ó jinná. Ki tẹmómítà bọ ibi tó nípọn jù ní itan àti àyà, kó má kan egungun. 165 Fahrenheit ni kí o rí. Gbé e kúrò lórí iná, kó sinmi fún ogún ìṣẹ́jú, kí omi ara rẹ̀ má baà ṣàn dànù bí o bá ń gé e.

Ìgbòho, ìlú tí a sin Aláàfin Ọ̀yọ́ mẹ́rin sí ní Igbó Ọba, lo ti jáde; má dójú tì wá. Àna rẹ kò gbọdọ̀ tún jẹ ẹran tí kò jinná. Fi fọ́tò ránṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ti itan tí o gé ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe ti awọ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.