Bí Ajá Bá Bu Èèyàn Jẹ: Ohun Tó Yẹ Kí Àgbẹ̀ Mọ̀ Nípa Dìgbòlugi

Ẹ̀kọ́ tiwa lónìí kì í ṣe ti àgbàdo, kì í sì í ṣe ti ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Ajá ló ń ṣọ́ ilé fún wa, òun ló ń bá wa lé ọ̀yà nínú oko. Àmọ́ àrùn kan wà tí ajá lè kó ran èèyàn, tó jẹ́ pé bó bá ti fojú hàn lára ẹni, kò sí oògùn tí a lè gbára lé pé yóò wò ó. Àrùn náà ni dìgbòlugi.

Níbi ìpàdé àgbẹ̀ kan ni bàbá kan ti béèrè lọ́wọ́ mi pé: "Ajá aládùúgbò wa bu ọmọ mi jẹ lẹ́sẹ̀ níjẹta. Ọgbẹ́ náà ti ń san, ajá ọ̀hún ò sì ya wèrè. Ṣé ó tún ku nǹkan tí mo fẹ́ ṣe?" Mo ní, "Bàbá, ó kù o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dé ọsibítù lónìí." Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún gbogbo yín.

BÁWO NI ÀRÙN NÁÀ ṢE Ń RÌN?

Kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí, tí àwọn dókítà ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, ló ń fa dìgbòlugi. Inú itọ́ ẹran tó ní àrùn náà ló máa ń wà. Bí ajá bẹ́ẹ̀ bá bu èèyàn jẹ, tó fi èékánná ya á lára, tàbí tó lá ojú egbò rẹ̀, kòkòrò náà lè gba ibẹ̀ wọlé. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ló máa ń tọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko. Bó bá dé ọpọlọ, tí àìsàn sì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìrìn náà sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì lè tó ọdún kan. Bí ojú ọgbẹ́ bá sún mọ́ orí, àrùn lè tètè dé ọpọlọ. Ìdí nìyí tí ọgbẹ́ ojú àti ti ọrùn fi léwu púpọ̀, pàápàá fún àwọn ọmọdé tí wọn ò ga.

Ẹ wá rí i báyìí: ọgbẹ́ lè ti san, kí àrùn ṣì máa rìn nínú ara. Àmọ́ inú ìrìn yìí náà ni àǹfààní wa wà. Bí a bá tètè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ara á ti múra ogun sílẹ̀ kí àrùn tó dé ọpọlọ.

Kì í ṣe òní la mọ èyí. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1885, ajá dìgbòlugi bu ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan jẹ nílẹ̀ Yúróòpù. Joseph Meister lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí Paris, lọ́dọ̀ Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé. Ní ọjọ́ 6, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní abẹ́rẹ́ tí Pasteur ṣe. Ọmọ náà ò kú, ó dàgbà. Ìyá rẹ̀ ò dúró wò ó bóyá ọgbẹ́ á san.

BÁWO LA ṢE Ń DÁ AJÁ TÓ NÍ ÀRÙN NÁÀ MỌ̀?

Oríṣi méjì ló wà:

1. Èyí tó ń ṣe bí wèrè. Ajá tó jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bu igi, òkúta àti èèyàn jẹ. Ohùn rẹ̀ á yí padà, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè sá kúrò nílé.

2. Èyí tó dákẹ́. Ajá á lọ sá pamọ́ síbi tó ṣókùnkùn. Àgbọ̀n rẹ̀ á wálẹ̀, kò ní lè gbé nǹkan mì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa wọ́. Èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á ní eegun ló há a lọ́fun, wọ́n á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn náà lè kó o bí ajá bá bù wọ́n jẹ. Bí ẹran yín bá ń da itọ́, tó ń ké ṣáá, tí kò lè gbé oúnjẹ mì, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì pa á jẹ. Ẹ pe dókítà ẹran.

BÍ AJÁ BÁ BU ÈÈYÀN JẸ

1. Lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ọṣẹ tí ẹ fi ń fọṣọ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wà lóko, omi odò tàbí omi mímu yín náà dára. Fífọ̀ yìí ń ṣan kòkòrò dànù kí ó tó wọ inú iṣan.

2. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ ṣì lọ. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní abẹ́rẹ́ yìí nílẹ̀. Bí wọn ò bá ní, ẹ béèrè ibi tó wà, ẹ má padà sílé.

3. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Dókítà á sọ ọjọ́ tí ẹ máa padà wá. Ẹ má fo ìkankan.

4. Bí ẹ bá rí ọ̀nà ṣe é láìfara pa, ẹ so ajá náà mọ́lẹ̀, ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le lẹ́yìn ọjọ́ 10, kò sí àrùn náà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu èèyàn jẹ. Dókítà lè wá dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ẹ ń ṣọ́ ajá kí ẹ má lọ sí ọsibítù.

5. Bí ajá náà bá kú, ẹ má sin ín, ẹ má sì jẹ ẹ́. Ẹ sọ fún dókítà ẹran. Ọpọlọ ajá náà ni wọ́n ń yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá dìgbòlugi ni.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ má fi ata, epo tàbí irun ajá sójú ọgbẹ́. Ẹ má jẹ ẹ̀dọ̀ ajá tó bu èèyàn jẹ pé ó jẹ́ oògùn. Kì í ṣe oògùn. Ẹni tó ń kun irú ajá bẹ́ẹ̀ náà lè kó àrùn, torí ọwọ́ rẹ̀ á kan itọ́ àti ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, mo mọ̀ pé ẹ ní ewé àti egbò tó ń ṣiṣẹ́ fún oríṣiríṣi nǹkan. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí èyí, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ṣíwájú.

ÌDÈNÀ SÀN JU ÌWÒSÀN LỌ

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 èèyàn tí dìgbòlugi ń mú, ó tó 99 tó jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Nítorí náà, bí a bá dáàbò bo ajá, a ti dáàbò bo ọmọ wa. Bí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ẹ tọ́jú ìwé abẹ́rẹ́ náà. Bí 70 nínú 100 ajá tó wà lábúlé bá gbà á, àrùn náà kì í ráyè tàn kálẹ̀. Èyí ni pé ajá tèmi nìkan kò tó. Ti aládùúgbò náà gbọ́dọ̀ gbà á. Owó abẹ́rẹ́ ajá kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó abẹ́rẹ́ èèyàn. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdọọdún ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé. Ẹ lè fi ọjọ́ náà ṣe àmì, kí gbogbo abúlé jọ kó ajá jáde.

Bàbá tó bi mí ní ìbéèrè yẹn gbé ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ọkadà ni wọ́n gùn, ọsibítù kejì ni wọ́n sì ti rí abẹ́rẹ́. Ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé.

Ẹ RÁNTÍ: ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú 15; ọsibítù lọ́jọ́ náà; abẹ́rẹ́ ajá lọ́dọọdún. Bí ìbéèrè bá wà, ẹ kàn sí òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń bẹ̀ yín wò, tàbí ọ́fíìsì dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sétí ẹni tí kò mọ̀wé. Ire oko o.