Nọ́ńbà Káàdì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ wa, inú ló bí mi tí mo fi jókòó kọ èyí. Obìnrin kan tó ń ṣe fídíò ayẹyẹ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi. Ọ̀dọ́ kan ló tò ó fún un, ó fi Linux sí i, ó sì ki GeForce GT 730 bọ inú rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ń tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi máòsì fa wíńdò kan, tìkọ̀tìkọ̀ ni yóò máa fà, fáànù á sì máa pariwo. Mo tẹ glxinfo láti mọ ẹni tó ń ya àwòrán. Llvmpipe ló kọ. Ìyẹn ni pé processor ló ń dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe. Káàdì tí obìnrin yìí fowó rà kàn jókòó síbẹ̀ ni. Mo yẹ GRUB wò, mo bá nomodeset níbẹ̀. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà ń yìn ín pé ó mọ àbùjá.

Àbùjá wo? Torí kí ẹ lè ríran ṣe àtúnṣe ni nomodeset ṣe wà. Tí àtúnṣe bá parí, ẹ yọ ọ́.

Mo mọ bó ṣe ṣe é. Ó ka orúkọ ara páálí, ó gbé dráífà Nvidia tuntun sí i, ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ó wá fi nomodeset sí i kó lè ríran. Kò tẹ lspci -nn láti wo nọ́ńbà káàdì náà. Ká ní ó tẹ̀ ẹ́ ni, ì bá rí 10de:0f02. Láti 2014, ó kéré tán, chip méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ GT 730: GF108 ti ìran Fermi, tó ní core 96, àti GK208 ti ìran Kepler, tó ní 384. Tí ẹ bá rí 10de:1287, Kepler ni, dráífà 470 ló ń lò. 10de:0f02 yìí, Fermi ni; ti Fermi ò kọjá 390, Nvidia sì ti pa 390 tì láti ìparí 2022. Kernel tuntun kì í gbà á àfi tí ẹnìkan bá tún kóòdù rẹ̀ ṣe. Dmesg pàápàá sọ ọ́: ìlà NVRM kọ ọ́ gbangba pé 390 ni káàdì yìí ń fẹ́. Ta ló kà á?

Ní Computer Village n'Íkẹjà tí mo ti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká tú ẹ̀rọ kankan tí a ò bá tíì kọ nọ́ńbà káàdì sínú ìwé. Ẹ̀yìn káàdì la ti ń kà á nígbà yẹn, lára bébà pélébé tó ti ń ṣí, a ó fi tọ́ọ̀ṣì tàn án. Tí ẹnìkan bá ní, "Ọ̀gá, mo mọ̀ ọ́n," wọ́n á ní, "Kà á fún mi." Oníbàárà lè máa pariwo lé wa lórí, iná lè fẹ́ lọ, wọn ò ní gbọ́. Wọ́n á dúró títí a ó fi kà á tán, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Àárò wọn ń sọ mí.

Mo yọ dráífà tuntun náà kúrò, àti fáìlì tó fi dí nouveau, dráífà tó ń bá Linux wá, lọ́nà, mo yọ nomodeset, nouveau sì gbé káàdì náà. Mo sọ fún obìnrin náà pé nouveau ò ní jẹ́ kí Fermi sá eré rẹ̀ tán, pé tí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i, kó pààrọ̀ káàdì. Ẹ máa sọ irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Kí ẹ sì tó sanwó káàdì àlòkù, ẹ ní kí wọ́n ki í bọ inú ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ lspci -nn níṣojú ẹni tó ń tà á. Tó bá ní òun ò ráyè, ẹ fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ fún un.