Níbo Ni Èérí Rẹ̀ Wà? Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ohun Èlò Ìtọ́jú Omi nínú Àpótí Ẹja Òkun

Ìfáàrà

Nínú àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń sin ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì nílé, abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kó gbogbo ohun èlò tí ń tọ́jú omi sí. Orúkọ yìí ni àwọn atúmọ̀-èdè máa ń sọ di ‘asẹ́’ wéré. Asẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó burú. Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì rí mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lábẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó sì jẹ́ sísẹ́ ní tòótọ́. Àṣìṣe tí ó ń ti ibẹ̀ wá kò mọ sórí èdè nìkan. Ó lè pa gbogbo ẹja inú àpótí láàárín ọjọ́ díẹ̀.

‘Sẹ́’ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá tí ó jẹ mọ́ yíya nǹkan sọ́tọ̀ kò kéré. Ògì ni a ń sẹ́, èlùbọ́ ni a ń kù, ẹ̀wà ni a ń fẹ́. Omi tí ó dàrú, tí a gbé kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ni ó ń tòrò. Ohun èlò kálukú sì dá dúró: asẹ́ kì í ṣe kọ̀nkọ̀sọ̀, kọ̀nkọ̀sọ̀ kì í sì í ṣe atẹ. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé nǹkan méjì tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni a yà kúrò lára ara wọn. Kò sí èyí tí ìwà rẹ̀ yí padà. Nígbà tí a bá sẹ́ ògì tán, ògì wà nínú ìkòkò, èérí wà nínú asẹ́, bí a bá sì da méjèèjì pọ̀, ohun tí a lọ̀ bọ̀ láti ọlọ ni a ó tún rí. Gírámà pàápàá jẹ́rìí sí èyí, nítorí ohun tí ó gba inú asẹ́ kọjá ni ó máa ń jẹ́ àbọ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe náà: a ń sẹ́ ògì, a kì í sẹ́ èérí.

Nítorí náà ìbéèrè kan tó láti fi dán ohunkóhun tí a bá fẹ́ pè ní asẹ́ wò: níbo ni èérí rẹ̀ wà? Bí a kò bá rí èérí tọ́ka sí, kì í ṣe asẹ́.

Kànrìnkàn, òwú àti àpò aṣọ tí omi ń gbà kọjá yege nínú ìdánwò yìí. Ihò àpò aṣọ tí ọ̀pọ̀ olùsin ẹja ń lò jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 200, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ a sì máa há sínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ tọ́ka sí. Èérí ògì ti kúrò nínú ògì pátápátá, ewúrẹ́ ni ó ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n èérí inú àpò aṣọ ṣì wà nínú omi tí ẹja ń mu, ó sì ń rà níbẹ̀. Bí a kò bá fọ àpò náà lemọ́lemọ́, asán ni sísẹ́ tí ó ń sẹ́.

Ibi tí èérí kò sí

Amóníà ń jáde lára ẹja bí ó ti ń mí, ó sì tún ń jáde láti inú ìgbẹ́ àti oúnjẹ tí ó ń rà. Kò sí aṣọ tí ihò rẹ̀ kéré tó láti sẹ́ ẹ, nítorí ó ti yọ́ mọ́ omi bí iyọ̀ ti ń yọ́. Májèlé ni. Nínú omi òkun tí pH rẹ̀ tó 8.2, ìpín rẹ̀ tí ó lè pa ẹja pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 7 lọ gidigidi. Àwọn bakitéríà ni ó ń gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, ẹgbẹ́ kejì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí ẹja lè fara dà púpọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ọ́síjìn ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń lò fún iṣẹ́ yìí, ara ohun líle bí òkúta, yanrìn tàbí ike onihò ni wọ́n sì ń gbé.

Níbo ni èérí wà? Kò sí. Ohun kan wọlé, ohun mìíràn jáde. Ìyípadà ni èyí. Ẹni tí ó bá pe àpótí òkúta tàbí ike onihò yìí ní ‘asẹ́’ yóò kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé láìpẹ́ pé, ‘Máa fọ asẹ́ rẹ mọ́ tónítóní.’ Ọmọlúwàbí òǹkàwé yóò gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, kiloríìnì inú omi náà yóò pa àwọn bakitéríà, amóníà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Bí àpótí tuntun ni a óò ti rí i, irú èyí tí ó máa ń gba bakitéríà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó rẹ̀ dáadáa. Òǹkàwé náà kò ṣẹ̀; ohun tí à ń ṣe sí asẹ́ ni ó ṣe.

‘Ilé-bakitéríà’ ni orúkọ tí ó yẹ nǹkan yìí. Ó kúrú, ó sì ń kọ́ni ní bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ láìjẹ́ pé a ṣàlàyé gígùn: omi tí a bù láti inú àpótí ẹja fúnra rẹ̀ ni a fi ń ṣan ilé náà, a kì í sì í ṣan án kọjá ohun tí yóò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà gbà. Ó tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tètè yé ènìyàn. Bí iná bá lọ, tí pọ́ǹpù sì dúró, àwọn tí ó wà nínú ilé tí a dé pa yóò lo ọ́síjìn ibẹ̀ tán láàárín wákàtí mélòó kan. Àwọn tí ilé wọn ṣí sílẹ̀ sí afẹ́fẹ́, tí omi ń kán lé lórí, lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níwọ̀n ìgbà tí ara ike náà bá ṣì tutù. Ẹni tí ó ń gbé ibi tí iná kò dúró sójú kan kò gbọdọ̀ fojú fo èyí nígbà tí ó bá ń ra ohun èlò.

Àwọn kan lè fẹ́ kí a fi orúkọ bakitéríà náà gan-an ṣe ọ̀rọ̀-ìperí. Kò bọ́gbọ́n mu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé fi ń sọ pé Nitrobacter ni ó ń ṣe ìpele kejì. Ní 1998 ni Hovanec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé irú Nitrospira ni ó ń ṣe é nínú àpótí ẹja omi aláìníyọ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò. Orúkọ tí ó dúró lórí iṣẹ́ kì í yẹ̀ bí ìmọ̀ bá yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náítíráìtì àti náítíréètì tún nílò ìṣọ́ra. Fáwẹ̀lì ni ó yà wọ́n, etí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè má mú un. Ó sàn kí a kọ NO2 àti NO3 tẹ̀ lé wọn ní gbogbo ìgbà tí a bá ń sọ iye tí ó wà nínú omi.

Èédú

Èédú onihò náà kì í sẹ́ nǹkan. Àwọ̀ àti òórùn inú omi ń lẹ̀ mọ́ ògiri àwọn ihò kéékèèké rẹ̀ ni, títí àyè yóò fi tán, tí a óò sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n òdìkejì rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn aláró, tí ń da omi sórí eérú nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu: níbẹ̀, omi ni ó ń gba nǹkan lára eérú. ‘Lẹ̀ mọ́’ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tọ̀nà fún èédú, kì í ṣe ‘fà mu’, tí í ṣe ti kànrìnkàn. Kò sí ìdí láti wá orúkọ gbogbogbòò fún irú ohun èlò yìí. ‘Èédú onihò’ tó, ‘ìpáàrà irin’ sì tó fún èyí tí fọ́síféètì ń lẹ̀ mọ́.

Ìfófòó

Ohun èlò tí ó ya àpótí omi òkun sọ́tọ̀ kúrò lára ti omi aláìníyọ̀ ni èyí tí ń fi afẹ́fẹ́ hó omi nínú ọ̀pá kan. Àwọn ìdọ̀tí tí apá kan wọn fẹ́ràn omi, tí apá kejì sì ń sá fún un, a máa rọ̀ mọ́ ara àwọn èéhó, ìfófòó a gòkè, a sì dà sínú ife tí ó wà lórí. Nínú omi iyọ̀, èéhó wọ̀nyí kéré, wọn kì í sì í tètè dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Nínú omi odò wọ́n ń dàpọ̀, ohun èlò náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Gẹ̀ẹ́sì fi prótéènì sọ orúkọ rẹ̀. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, tí a lo ‘amáradàgbà’ tí olùkọ́ ìlera ń lò fún prótéènì, ohun tí ń kó oúnjẹ kúrò lẹ́nu ẹja ni òǹkàwé yóò rò pé ó rà. Ẹni tí ó ń se ẹ̀wà, tí ó ń fi ṣíbí bu ìfófòó rẹ̀ dànù, ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. ‘Akófòófó’ ni kí a pè é. Èyí ní èérí, ó wà nínú ife, ó sì ti kúrò nínú omi pátápátá kí ó tó rà di amóníà. Nítorí náà ni àwọn olùsin iyùn ní Berlin, ní Jámánì, fi gbé ètò tiwọn ka akófòófó tí ó lágbára, òkúta inú òkun àti omi tí ń sún kíkankíkan. Àpótí onike tí omi ń kán lé, tí George Smit gbé lárugẹ ní Amẹ́ríkà ní 1986, mọ amóníà í yí padà gan-an, ṣùgbọ́n náítíréètì a máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ẹja lè gbà á, ọ̀pọ̀ iyùn kò fẹ́ ẹ.

Òkúta Berlin yìí ni orúkọ rẹ̀ ṣòro jù. ‘Òkúta alààyè’ ti ń wọ inú ìtumọ̀, ó sì ń ṣini lọ́nà, nítorí òkúta náà kò wà láàyè: egungun iyùn tí ó ti kú ni. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ni ó wà láàyè, títí kan àwọn bakitéríà inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ọ́síjìn kò dé, tí wọ́n ń sọ náítíréètì di gáàsì náítírójìn tí ń bá afẹ́fẹ́ lọ. ‘Òkúta iyùn’ bá ohun tí ó fi ṣe é mu, ṣùgbọ́n etí Yorùbá yóò gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba nínú rẹ̀. ‘Òkúta ilé-bakitéríà’ gùn, òun ni ó sì sún mọ́ ohun tí à ń rà jù.