Àpótí Ìmọ̀: Ojú Irin Tí Ó Di Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀

Nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó, tí ó gba Ifọ̀, tí ó sì wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí kí ó tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, wọn kò jẹ́ kí ó gun òkè gọngọ níbì kan, nítorí pé irin lórí irin a máa yọ̀. Òkè ni wọ́n gé, kòtò ni wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ dí, títí ilẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìtẹ́jú yìí gan-an ni ó mú kí ojú irin àtijọ́ tí ọkọ̀ kò gbà mọ́ dùn-ún rìn fún arúgbó, kí ó sì rọrùn fún ọmọdé láti gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀. Láàárín ọdún 1979 sí 1986, ojú irin tí ó ti Bristol dé Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ọ̀nà ọlọ́dà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, máìlì 13 gbáko.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ní ilẹ̀ wa náà, ẹ̀ka ojú irin tí ó yà láti Ifọ̀ lọ sí Ìlaròó àti Ìdògò ní ilẹ̀ Yewa, tí ọkọ̀ ti pa tì láti ìgbà pípẹ́, ìbá yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí a bá tètè ṣe é kí ilé àti oko tó gbà á tán. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn lórí ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní 2021: ọkọ̀ ń sáré níbẹ̀.