Jíà Píkọ́ọ̀pù àti Òkè Ilẹ̀ Okùn

Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni jíà kò dọ́gba. Jíà kìíní píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 àtijọ́, irú èyí tó ń kó iṣu láti oko wọ Kábà, lágbára jù, ó sì lọ́ra jù: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí tó ìgbà 3.66 kí ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ní jíà kejì, ó di 2.17, ní ìkẹta, 1.41, ní ìkẹrin, àwọn méjèèjì jọ ń yí ni. Ọ̀pọ̀ Toyota Hilux ní ìkarùn-ún, tó wà ní nǹkan bí 0.85. Jíà yìí kò fi kún agbára rárá; epo ló ń bá ni dín kù lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Ẹni tó tìtorí rẹ̀ fowó kún owó ọkọ̀ tí yóò máa fi ru iṣu gun òkè kò rí nǹkan kan rà.

Àlàfo àárín kìíní àti ìkejì ló ń dá ọkọ̀ dúró lórí òkè. Bí ẹ́ńjìnnì 504 bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan ní jíà kìíní, tí awakọ̀ sì bọ́ sí ìkejì, ìyípo yẹn á já wá sí nǹkan bí 1,780. Láti ìkẹta sí ìkẹrin, nǹkan bí 2,130 ló máa dúró sí. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó gbẹ́rù fi ń gbọ̀n tí wọ́n bá kánjú kúrò ní kìíní.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lọ́nà Òmùò sí Ìyàmoyè, kí òkè tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí awakọ̀ ti yan jíà. Jíà tó gbé ẹrù gòkè náà ni kó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Fíríì tí àwọn kan ń fi ọkọ̀ sí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń dá gbogbo iṣẹ́ dá bíréèkì. Bíréèkì á gbóná, kò sì ní mú mọ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn òrùka idẹ inú jíà ló ń mú kí ìyípo bára mu kí jíà tó wọlé. Ipá ló ń jẹ wọ́n. Ti ìkejì ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, nítorí náà, ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ kó tẹ́tí sí i.

Jíà ẹ̀yìn, èyí tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: òun ló tún ń sọ agbára gbogbo jíà iwájú di púpọ̀, táyà ńlá sì ń dín in kù. Láti mọ iye rẹ̀ lábẹ́ Hilux, a ó fi nǹkan di táyà iwájú, a ó gbé ti ẹ̀yìn méjèèjì sókè, a ó fi jíà sí fíríì, a ó yí táyà méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó sì ka iye ìgbà tí ọ̀pá yí. Ti 504 wà nínú páìpù, kò ṣeé rí. Àfi kí mẹkáníìkì tú ẹ̀yìn, kó fi eyín jíà kékeré pín eyín jíà ńlá.