Alhaji ní ẹran nìkan, Màmá ní ewé nìkan: ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

*Cissin, ní Ouagadougou, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Aṣọ ni mò ń tà. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ. Àwa Yorùbá tí a ní àìsàn yìí ládùúgbò wa máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní àgbàlá ọ̀kan nínú wa. A ń wọn ṣúgà ara wa, a sì ń sọ bí a ṣe ń jẹun. Ìpàdé náà ràn mí lọ́wọ́ gan-an kí ìjà tó dé. Alhaji kan tó jẹ́ àgbà wa sọ pé òun ti pa tô, òkèlè ìyẹ̀fun ọkà yẹn, àti ìrẹsì tì, pé ẹran, ẹyin àti bọ́tà lòun ń jẹ, ṣúgà òun sì ti wálẹ̀. Màmá kan ní irọ́ ni, ẹran ló ń pa wá. Ewé, ẹ̀wà àti èso lòun ń jẹ láti ọdún tó kọjá, ṣúgà tòun náà sì ti wálẹ̀. Ìpàdé ti pín sí méjì. Nígbà Iléyá, mo gbé ẹran lọ fún wọn, Màmá yìí ní kí n má gbé májèlé wá síbẹ̀ mọ́. Alhaji náà ń bínú pé mo ṣì ń jẹ tô. Ó ń ṣe mí bíi kí n má lọ mọ́. Metformin ni mò ń lò, ẹsẹ̀ sì ti ń ta mí láti bí oṣù mélòó kan. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?*

*Oníṣòwò aṣọ, Cissin*

Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má fi ìpàdé yẹn sílẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ẹni tó sì ní àtọ̀gbẹ láàárín àwọn tí kò ní in, òun nìkan ló máa ń dá ẹrù ara rẹ̀ rù. Àmọ́ ibi tí ìjà náà wà kọ́ ni wọ́n ń jà á sí.

Alhaji kò purọ́, Màmá náà kò purọ́. Ṣúgà àwọn méjèèjì wálẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí kò sẹ́ni tó béèrè ni ohun tí àwọn méjèèjì jọ pa tì. Alhaji ò jẹ tô mọ́, kò jẹ ìrẹsì. Ẹ bi Màmá náà dáadáa: ṣé ó ṣì ń mu zoom-koom, omi jéró tí wọ́n da ṣúgà sí yẹn, lọ́sàn-án? Ṣé ó ṣì ń fi búrẹ́dì gígùn mu tíì oníṣúgà láàárọ̀? Òkèlè tó ń bù lálẹ́, ṣé bí ti tẹ́lẹ̀ ló ṣe tóbi? Kí ẹ wá bi àwọn méjèèjì pé kílò mélòó ni wọ́n ti fi fúyẹ́. Bí mo ṣe mọ àìsàn yìí, n kò rò pé ìdáhùn wọn á jìnnà síra.

Àwọn oníṣègùn ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 2017, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé èsì ìwádìí kan tí wọ́n pè ní DiRECT jáde, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mike Lean ti Glasgow àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Roy Taylor ti Newcastle darí. Ènìyàn 306 ló kópa, àtọ̀gbẹ irú kejì ni gbogbo wọn ní, kò sì tíì ju ọdún mẹ́fà lọ lára wọn. Wọ́n fún ìdajì wọn ní oúnjẹ olómi tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀, nǹkan bíi kálórì 850 lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Nígbà tó pé ọdún kan, ṣúgà 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti padà sí ibi tí a kì í ti í pè é ní àtọ̀gbẹ mọ́, láìlo oògùn. Nínú àwọn tó fi kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fúyẹ́, ó tó 86 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí wọ́n jẹ kì í ṣe oúnjẹ Alhaji, kì í sì í ṣe ti Màmá.

Màmá ní ẹ̀rí tirẹ̀ o. Ní 2006, Neal Barnard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ènìyàn 99 jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ tí kò ní ẹran, ẹyin tàbí wàrà, tí ọ̀rá rẹ̀ kò sì pọ̀; wọ́n fún àwọn yòókù ní oúnjẹ tí American Diabetes Association fọwọ́ sí nígbà náà. Ṣúgà wálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Nínú àwọn tí wọn kò yí oògùn wọn padà, àwọn tí kò jẹ ẹran ni tiwọn wálẹ̀ jù, àwọn náà ló sì fúyẹ́ jù. Alhaji náà kò wà láìní ẹ̀rí: ẹni tó bá dín òkèlè, ìrẹsì àti búrẹ́dì kù gidigidi, ṣúgà rẹ̀ máa ń wálẹ̀, pàápàá láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Nígbà tí American Diabetes Association wá kó gbogbo rẹ̀ jọ ní 2019, wọ́n ní kò sí ìwọ̀n oúnjẹ kan ṣoṣo tó bá gbogbo alátọ̀gbẹ mu. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ṣúgà àti ọkà tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ dín kù, kí ènìyàn sì jẹ oúnjẹ gidi dípò èyí tí ilé-iṣẹ́ ti pò pọ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ ìyẹn jù mí lọ.

Ọ̀nà tí Alhaji ń tọ̀ ti pẹ́ ju ínsúlínì lọ. Ní 1797, John Rollo, oníṣègùn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé nípa ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Meredith tí àtọ̀gbẹ ń ṣe. Ó ní kó máa jẹ ẹran tó ti pẹ́ nílẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ọ̀rá, ara ọkùnrin náà sì mókun. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn ìyẹn, Frederick Allen ní New York ń fi ebi mú àwọn aláìsàn rẹ̀, àwọn ọmọdé ń rù kan egungun, torí kò sí nǹkan mìíràn tó lè fi ọjọ́ kún ọjọ́ wọn. Oṣù kìn-ín-ní 1922 ni wọ́n tó gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì ní Toronto. Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé àwọn tó kọ́kọ́ tọ ọ̀nà ẹran yẹn kò ní oògùn kankan tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará ìpàdé yín ní oògùn lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Ẹni tó ń gún ínsúlínì, tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide àti gliclazide, oògùn yẹn á máa fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ yálà ó jẹ tô tàbí kò jẹ ẹ́. Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Alhaji lónìí, tó sì pa òkèlè tì lọ́la láì jẹ́ kí dókítà dín oògùn rẹ̀ kù, ṣúgà lè já sí ìsàlẹ̀ 0.70 g/l. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á dàrú, ó sì lè dákú. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ fún un ní ṣúgà oníhóró mẹ́ta nínú omi, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wọn ṣúgà rẹ̀. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ló kàn. Metformin tiyín kì í sábà fa irú ìyẹn bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ń lò. Ẹ rí i pé ẹni méjì lè jókòó sórí ẹní kan náà, kí wọ́n jẹ oúnjẹ kan náà, kó tu ọ̀kan lára, kó sì gbé ìkejì dákú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn oúnjẹ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ bi í pé oògùn wo ló ń lò.

Kí Alhaji sì lọ yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Àìsàn ọkàn ń pa alátọ̀gbẹ púpọ̀, bọ́tà lójoojúmọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jẹ láìwẹ̀yìn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀, dókítà ni kó sọ ìwọ̀n ẹran tó lè jẹ, àti ìwọ̀n èso pàápàá.

Ó wá ku ẹran fúnra rẹ̀. Ìbẹ̀rù Màmá ní ìdí. Ní 2024, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde tó kan ènìyàn mílíọ̀nù 1.97 ní orílẹ̀-èdè 20: àwọn tó ń jẹ ẹran pupa púpọ̀, àti àwọn tó ń jẹ sọ́séèjì àti irú ẹran bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe, ni àtọ̀gbẹ ń mú jù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni gíráàmù 100 ẹran pupa tàbí gíráàmù 50 sọ́séèjì lójoojúmọ́. Ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ ilá ní Cissin, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń kù lẹ́yìn tí bàbá ilé àti àwọn ọmọ bá ti mú tiwọn. Ìjà yìí bá ilé tí ẹran ti ń kún àwo mu. Ní ilé yín, tô ló ń kún àwo.

Tô tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo funfun ro, kíákíá ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ti ọkà bàbá tàbí jéró tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń gbé ṣúgà sókè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ dín òkèlè yín kù dé ìdajì, kí ẹ sọ ọbẹ̀ di púpọ̀. Ọbẹ̀ lúrú, ilá, ìṣápá, gbogbo rẹ̀ wà ní ọjà yín. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ọbẹ̀ àti ẹran tàbí ẹja inú rẹ̀ dáadáa kí ọwọ́ yín tó kan òkèlè, torí pé bí ènìyàn bá fi òkèlè ṣe ìkẹyìn, ṣúgà kì í fò sókè tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ńgà tí wọ́n ń sè níbẹ̀, ẹ̀wà wa náà ni, ó dára. Ìrẹsì tí wọ́n ń gbé sábẹ́ rẹ̀ ni kó kéré. Irú, tí wọ́n ń pè ní soumbala, ni kí ẹ fi sebẹ̀, kí mágì dín kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹran Iléyá tí ẹ gbé lọ kì í ṣe májèlé. Ẹ gé ọ̀rá rẹ̀ kúrò, ẹ má fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sìn ín, kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ayọ̀ ọdún.

Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ṣúgà ni kó parí ìjà yín. Kí kálukú wọn tirẹ̀ kó tó jẹun, kó tún wọn ọ́n lẹ́yìn wákàtí méjì, kó kọ ọ́ sínú ìwé kan pẹ̀lú ohun tó jẹ àti oògùn tó lò. Ẹni tó jẹ tô kékeré pẹ̀lú lúrú, kó wí tirẹ̀; ẹni tó jẹ ẹran, kó wí tirẹ̀. Bébà ẹ̀rọ náà wọ́n, mo mọ̀, ẹ dá owó jọ kí ẹ máa rà á pọ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹni méjì fi abẹ́rẹ́ kan náà gún ìka láéláé, kódà kó jẹ́ tọkọtaya. Àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B pọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ wa níhìn-ín, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí kò hàn sójú ti tó láti gbé e.

Ní ti ẹsẹ̀ yín, ẹ má dúró de ìpàdé. Ẹni tó bá lo metformin fún ọdún púpọ̀, ara rẹ̀ lè ṣaláìní fítámì B12 tó, àìní rẹ̀ sì máa ń mú kí ẹsẹ̀ ta kó sì kú tìpìrì, bí àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ẹ lọ bá dókítà, ẹ sọ iye ọdún tí ẹ ti fi ń lo oògùn náà, kí ẹ ní kí ó ṣe àyẹ̀wò B12. Bó bá jẹ́ òun ni, ó ní oògùn. Ẹ má dá metformin dúró fúnra yín. Ní alaalẹ́, kí ọkọ yín máa tan iná wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín fún egbò tí ẹ kò mọ̀.

Ẹ má bá Alhaji jiyàn lójú ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mú yín lọ kí i nílé. Bí ẹ bá ti kúnlẹ̀ kí i tán, ẹ ní ọgbọ́n tó fi mú ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ wù yín, pé ẹ fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ kọ orúkọ oògùn rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé, kí àwọn ọmọ lè tẹ̀lé e. Àgbà tí a bá gbé iṣẹ́ fún lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọ̀ ọ́.

Màmá tó pe ẹran yín ní májèlé, ẹ gbé mọ́ínmọ́ín tí kò ní ẹran tàbí ẹyin nínú lọ bá a. Ó dùn yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo ń bẹ̀rù fún jù nínú gbogbo yín. B12 kò sí nínú ewé, ẹ̀wà àti èso. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló wà, láti ọdún tó kọjá ni kò sì ti fẹnu kàn wọ́n mọ́. Ẹ bi í bóyá metformin lòun náà ń lò. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò náà lọ́jọ́ kan náà. Kò dìgbà tó bá padà sídìí ẹran. Oògùn B12 wà tó lè máa lò.